Ohùn Inú Yàrá Karùn-ún

Ọkùnrin tó bá fi ọdún mẹ́tàlélógún purọ́ fún obìnrin, tó wá ń retí ọjọ́ kan tí yóò dára láti jẹ́wọ́, ojo ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ló ń ṣe é. Orrin Stoltz fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí búrẹ́dì gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ìsinmi òṣìṣẹ́ yẹn, ọjọ́ tí ọgbà ìgbafẹ́ Tamarack Point máa wa àwọn ọkọ̀ Odò Lékèélékèé, odò àtọwọ́dá tó gba inú yàrá márùn-ún kọjá, fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Delphine ti pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ìgbéyàwó àwọn méjèèjì ti tú, wọn kì í sì í pe ara wọn àfi tí ẹnìkan bá kú. Nígbà tí Orrin gbọ́ ohùn rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wó odò yẹn."

"Àwọn ni wọ́n fẹ́ wó o. Èmi kọ́."

"Mò ń kó lọ sí Tucson, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Òtútù adágún yìí ti wọ̀ mí léegun. Mo fẹ́ ohùn ọmọ mi kí n tó lọ, Orrin. Fi fún mi kí n máa gbé e kiri. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kú, mi ò fẹ́ pásítọ̀ o, mi ò fẹ́ òdòdó. Kí wọ́n fi Tilda sí mi létí, ó tó."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé kò ní le jù fún ọ láti ṣe?"

"Kò le," ni Orrin wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ohùn Tilda, ọmọ wọn tó ti kú, tí Delphine ń bèèrè kò sí níbì kankan láyé mọ́. Èyí tó ń kọrin ní yàrá karùn-ún, tí Delphine ń wá gbọ́ lọ́dọọdún tó fi ń da omi lójú, ohùn ọmọ ẹlòmíràn ni.

Hattie Grubb mọ̀. Obìnrin yìí ló ń darí ọkọ̀ ní èbúté Odò Lékèélékèé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí irin ìdarí, èkejì nínú àpò gúgúrú. Bí ó ṣe rí Orrin tó ń wọ́ bọ̀ láàárọ̀ yẹn, kò tilẹ̀ kí i.

"Stoltz. O ti sọ fún un?"

"Aago mẹ́rin ló máa dé."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Mi ò tíì sọ fún un."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin ọkùnrin! Tí wọ́n bá ní kí ẹ yan láàárín òtítọ́ àti kí wọ́n yọ eyín yín, dókítà eyín lẹ máa sáré lọ bá." Ó gbọn iyọ̀ gúgúrú kúrò lọ́wọ́. "Ìwọ gbọ́. Ọdọọdún ni obìnrin yẹn ń jáde nínú ọkọ̀ yìí, tí á ní, 'Hattie, ọmọ mi kọrin dáadáa lónìí.' Èmi á ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Delphine.' Ọmọ ta ló ń kọrin, Stoltz?"

"Má pariwo."

"Ọmọ ta ni? Roberta mi tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Toledo, tó ti bí ìbejì, tó ń bú mi pé mo sanra jù! Òun ni wọ́n ń sunkún rẹ̀ bí òkú lọ́dọọdún. Mo ti gbé e mọ́ra tó. Tí ìwọ ò bá sọ ọ́ lónìí, èmi á sọ ọ́, mo sì máa sọ ọ́ burúkú."

"Mo máa sọ ọ́."

"Ṣé o fẹ́ jẹ gúgúrú?"

"Rárá."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Hattie wí. Ó fa irin ìdarí, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà sì wọ inú òkùnkùn lọ pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń ké.

Ẹ má fi ojú ẹni tí kò mọṣẹ́ wo Orrin o. Òun ló ya àwòrán odò yẹn, òun náà ló kọ orin rẹ̀. Orin ọkọ̀ irú èyí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jókòó gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń jáde, òmíràn sì wà láàárín. Nítorí náà, Orrin kọ orin kan ṣoṣo tí kò lórí tí kò nídìí, tó ń yí po ní ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀, ó pín in káàkiri yàrá márùn-ún. Fèrè ló ń kọ ọ́ ní yàrá àkọ́kọ́, gìtá ní èkejì, agogo wẹ́wẹ́ ní ẹ̀kẹta, ní ẹ̀kẹrin gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀, ariwo á sọ. Ìṣísẹ̀ wọn bára mu, gbogbo wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, kí orin yàrá kan má baà bá ti èkejì jà lẹ́nu ọ̀nà.

Yàrá karùn-ún ló gbà á lọ́kàn jù. Ó fẹ́ kí ara èèyàn rọlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn. Ó ní kí wọ́n rẹ àjà sílẹ̀, kí wọ́n ta aṣọ aláró sára ògiri, kí wọ́n la ojú omi fẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa falẹ̀. Lékèélékèé onígi mẹ́fà dúró láàárín esùsú, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá ọgbà ìgbà náà fárígá, ó ní ta ló máa tò sórí ìlà torí ẹyẹ tí kò lè mira. Orrin ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ná." Kò sì sí fèrè níbẹ̀, kò sí gìtá. Ohùn ọmọdé kan ṣoṣo ni, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú orin náà, lálálá lásán.

Tilda ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún méje, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́. Delphine ló dá a lábàá pé kí wọ́n lò ó. Wọ́n gbé e sórí àpótí níwájú maikirofóònù, ó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Tilda, dúró jẹ́ẹ́."

"Dádì, ṣé àwọn ẹyẹ yẹn á máa gbọ́ mi?"

"Wọ́n á máa gbọ́ ọ."

"Kí ló wá dé tí wọn ò ní jó?"

Lẹ́yìn gíláàsì yàrá ìgbohùnsílẹ̀, Delphine rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà kọrin, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ orin bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Ẹni tó ń wo téèpù ní kí wọ́n tún un gbà. Orrin ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú òṣùwọ̀n, ó wọn Tilda láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹnu, gíga ibẹ̀ gan-an ló gbé sípíkà sí láàárín esùsú.

Ọdún kejì, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ mú Tilda. Oṣù méje ló fi bá a jà. Mi ò ní ròyìn ìyẹn fún yín. Ẹni tó ti sin ọmọ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì sin ọmọ, Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Orrin ṣe o. Nídìí iṣẹ́ téèpù, òfin kan wà tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀: ìyá kì í wọ ẹ̀rọ. Téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn sí ni wọ́n ń pè ní ìyá. Inú agolo ló ń gbé, nínú yàrá tútù, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Àdàkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sẹ́rọ, torí bí téèpù bá ṣe ń yí ni irin ẹ̀rọ ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí àdàkọ bá gbó, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á tún da òmíràn kọ lára ìyá. Ṣùgbọ́n àdàkọ ní àlébù tirẹ̀. Ó máa ń ní ariwo ṣììṣìì kan nínú, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń dín ẹja ní yàrá kejì. Orrin tó kọ orin náà kò ka èyí sí rárá nígbà tí ọmọ wà láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wọ inú yàrá karùn-ún lọ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ariwo ṣììṣìì yẹn lórí ohùn ọmọ rẹ̀, inú bí i. Ó ní, "Wọ́n ti da erùpẹ̀ lé e lórí tó." Ó lọ gbé agolo wá, ó gé ìyá téèpù, ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó fi sẹ́rọ. Àwọn àdàkọ tó kù, ó fi wọ́n gba orin Kérésìmesì. Ọkùnrin tó ti fi òfin yẹn kọ́ èèyàn mẹ́wàá níṣẹ́! Nílé ńkọ́, wọn ò ní ohùn ọmọ náà kankan. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kì í fẹ́ rí ẹ̀rọ nílé.

Nígbà tí Delphine wá gbọ́ ọ lọ́dún yẹn, ó jáde nínú ọkọ̀, ó wá bá Orrin ní tààrà. "Orrin, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ ni. Kí lo ṣe sí i?"

"Mo nu ún mọ́ ni," ni Orrin wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dè é mọ́lẹ̀. Ilé wọn tú lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnìkejì, àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn lójú lórí oúnjẹ, wọ́n ń rí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi òṣìṣẹ́, tó bọ́ sí àsìkò ọjọ́ ìbí Tilda, Delphine á wakọ̀ láti Sandusky wá, á wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á lọ. Ìyá téèpù ń yí, wákàtí méjìlá lóòjọ́, láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹjọ, Orrin ṣí ẹ̀rọ, ó rí ìyẹ̀fun pupa lórí irin rẹ̀. Ó fi ìka kàn án. Ìyẹ̀fun tó gbé ohùn náà dání ti ń ṣí kúrò lára téèpù. Nígbà tó tan án, ohun tó jáde dà bí ọmọ tó ń kọrin lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìgbà tó sì yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó já. Orrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyẹ̀fun ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ìka, kò lè nu ún, kò lè fọ̀ ọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Delphine dé.

Hattie ló mú Roberta wá fún un, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pẹ̀lú ọ̀finkìn nímú. Inú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbà á, bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ògiri, súìtì lẹ́nu ọmọ nígbà tí wọ́n bá sinmi. Orrin kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó rántí: bó ṣe ń fà sẹ́yìn, bó ṣe ń mú ohùn kejì pẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba àyè eyín tó ká. "Ti ọdún yìí nìkan ni o," ló sọ fún Hattie. "Mo máa sọ fún un lọ́dún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó lọ. Ẹ̀rọ téèpù lọ, ti ìgbàlódé dé, wọ́n da Roberta kọ sínú rẹ̀, kò sì lè gbó mọ́ láéláé.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Delphine dé lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, fìlà ńlá lórí, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ti pé ọmọ àádọ́rin ọdún. Lucinda Farr, ọ̀gá ọgbà tuntun, ti dá àwọn èrò dúró. "Ọ̀gbẹ́ni Stoltz, ẹ gba ìdajì wákàtí," ló wí. "Ẹ̀yin nìkan. Àwọn tó fẹ́ tú wáyà á dúró dè yín."

Delphine wo Orrin lókè wò ó nílẹ̀. "O ti gbẹ."

"Ìwọ náà ti gbó."

"Èmi gbó dáadáa. Ìwọ dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn." Ó fi ọ̀pá kan bàtà rẹ̀. "Ṣé o ò jẹun ni?"

"Ikùn mi ò dára."

"Ìgbà wo ló dára rí?"

Hattie fa Delphine wọ inú ọkọ̀, ó wo Orrin bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó fọ́ àwo. Ọkọ̀ gbéra. Fèrè gbà wọ́n. Delphine gbé fìlà sórí itan, ó ń fi orí bá orin náà lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọjá láti yàrá gìtá sí ti agogo, ó di ọwọ́ Orrin mú lójijì.

"Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn. Kò sí ibi tó já. Wo bí wọ́n ṣe máa wá fi katakata wó irú nǹkan báyìí." Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ. "Orrin, mo ti bú ọ púpọ̀ láyé mi. Mo bú ọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo bú ọ fún lọ́yà. Ibí yìí nìkan ni mi ò lè bú ọ sí. O pa ọmọ yẹn mọ́ fún mi."

Orrin ṣí ẹnu, ariwo yàrá kẹrin sì bò ó mọ́lẹ̀, agogo, gìtá, fèrè, gbogbo wọn. Ó dúpẹ́ lọ́kàn pé ó bò ó. Ẹ rí i pé ojo ni lóòótọ́.

Bí wọ́n ṣe wọ yàrá karùn-ún, Hattie dá omi dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọ sọ, ọkọ̀ sì dúró jẹ́ẹ́ láàárín esùsú. Ohùn ọmọ náà ń jáde lórí omi, kedere. Delphine tẹ orí sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó kẹ́yìn sí Orrin díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú nínú èrò.

"Ibẹ̀ yẹn," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe mí sínú láàárín orin, níbi tí kò yẹ? Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn. Tí mi ò bá rí oorun sùn, ibi mímí yẹn ni mo máa ń rántí, oorun á gbé mi lọ." Ó wá inú àpò, ó mú káàdì ìgbohùnsí kékeré kan jáde tí kò ju èékánná lọ. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí o gbé e sórí èyí. Ó ní ó lè gba gbogbo ayé mi. Gbà."

Orrin kò gbà á.

"Delphine. Tilda kọ́ nìyẹn."

"Kí lo wí?"

"Téèpù rẹ̀ já. Mo fi ìyá sẹ́rọ, torí mi ò fẹ́ kí ariwo ṣììṣìì wà lórí ohùn rẹ̀. Mo gbọ́n lójú ara mi. Ó gbó, ó di ìyẹ̀fun. O sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá ọmọ mìíràn, mo kọ́ ọ."

Delphine rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní nǹkan kan nínú. "Ìwọ ọkùnrin yìí, orí rẹ ti ń dàrú. Mò ń gbọ́ ọ báyìí."

"Òun kọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún."

Delphine ń kà á lórí ìka, Orrin sì ń wo àwọn ìka náà. "Ọdún tí wọ́n gé ọmú mi ńkọ́? Mo wá síbí pẹ̀lú báńdéèjì láyà. Mo ní kó bá mi tọrọ ẹ̀mí."

"Òun kọ́ ni."

"Ọdún tí a sin ìyá mi? Mo sọ fún un níbí yìí pé màmá àgbà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà."

"Òun kọ́, Delphine."

"Nígbà náà, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Roberta. Ọmọ Hattie."

"Hattie tó ń fà mí lọ́wọ́ wọ ọkọ̀."

"Òun ni."

"Ṣé ọmọ náà wà láyé?"

"Ó wà. Ó ti bí ìbejì."

Delphine fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Áà," ló ń wí, "áà, áà." Inú Orrin bà jẹ́ débi pé ó fẹ́ kí omi yẹn jìn ju orúnkún lọ, kí ó lè bọ́ sínú rẹ̀ kó má jáde mọ́. Ohùn ọmọ náà ń kọrin lọ ní tirẹ̀. Ó tún dé ibi mímí yẹn, ó mí.

"Ní kí wọ́n pa á," ni Delphine wí.

"Hattie!" Orrin pariwo sí ọ̀nà èbúté. "Pa orin!"

Gbogbo yàrá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọdún tí Orrin ti kọ́ ibẹ̀, kò tíì jókòó síbẹ̀ rí láìsí orin. Omi ló ń gbọ́ tó ń lá ara ọkọ̀.

Delphine mú ọwọ́ kúrò lójú. Ojú náà ti le. "Ó dáa. Téèpù ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ orin náà, ìwọ lo bí ọmọ náà, ìwọ lo dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kọ ọ́ fún mi. Kọ ọ́ bí Tilda ṣe kọ ọ́, kí n lè gbé e lọ sí Tucson nínú orí mi."

"Ohùn mi ò dára."

"Mi ò bi ọ́ nípa ohùn rẹ. Kọ ọ́."

Orrin la ẹnu. Ó pa ojú dé, ó wá ọmọ náà lórí àpótí, ó rí bàtà rẹ̀, ó rí àyè eyín rẹ̀, ó rí Delphine tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ohùn mẹ́rin, márùn-ún, ohùn àgbà tó ń gbọ̀n.

"Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nìyẹn," ni Delphine wí.

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó mú un rọra. Ó mú un ga. Gbogbo ọ̀nà tó gbà, ọmọ Hattie ló ń pàdé níbẹ̀.

"Dákẹ́. Jẹ́ kí èmi kọ ọ́." Delphine gbé àyà sókè. Ó kọ ọ́ dé ohùn kẹta, ó dúró. Ó tún un kọ, ó tún dúró níbẹ̀. Nígbà tí yóò yíjú sí Orrin, ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ìbínú. "Orrin, èmi náà ni. Èyí yẹn nìkan ló ń wá. Níbo ló wà? Ó wà nínú orí mi tẹ́lẹ̀! Lọ́dún tí ọmọ náà kú, mo máa ń gbọ́ ọ nílé, mi ò nílò ẹ̀rọ kankan, níbo ló wà?"

Orrin kàn mi orí.

"Mímí yẹn," ni Delphine wí. Ó di apá aṣọ Orrin mú. "Gbogbo ìyókù, ó lọ, mo gbà. Mímí yẹn, ìwọ lo fi kọ́ ọmọ Hattie, àbí? Tilda ló máa ń mí níbẹ̀. Sọ fún mi pé Tilda ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ìbá ti sọ ọ́. Èmi náà ìbá sọ ọ́, kí obìnrin náà rí nǹkan kan mú dání lọ sí Tucson, kí ó sì máa rí oorun sùn. Orrin náà fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀finkìn Roberta, bí imú ọmọ náà ṣe dí tó sì ń mí níbikíbi tó bá rí àyè, ó wá Tilda nínú ìrántí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun náà mí níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin tó gbọ́ ohùn yẹn ju ẹnikẹ́ni láyé lọ.

"Mi ò mọ̀, Delphine," ló wí, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ọmọ yẹn ní ọ̀finkìn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ Tilda. Mi ò rántí mọ́."

Delphine fi aṣọ Orrin sílẹ̀. Ó wo àwọn ẹyẹ onígi yẹn. Lẹ́yìn náà, ó dá káàdì kékeré yẹn padà sínú àpò ní òfo, ó sì pariwo pé, "Hattie! Gbé wa jáde níbí."

Omi gbọ̀n, ọkọ̀ gbéra. Orrin kò mọ̀ pé òun ṣì ń la ẹnu, pé òun ń hùn ún lábẹ́lẹ̀, ohùn àkọ́kọ́, ohùn àkọ́kọ́ náà, ó ń wá a, ó ń pàdánù rẹ̀, ó tún ń wá a.

"Má wá a mọ́, Orrin," ni Delphine wí láìwò ó. "Ìgbàkigbà tí o bá ti wá a, ti ọmọ ẹlòmíràn lò ń tún gbé lé e lórí. Fi ọmọ mi sílẹ̀ níbi tó wà."

Ó pa ẹnu dé. Wọ́n jáde sínú oòrùn, níbi tí àwọn èèyàn tò sí tí wọ́n ń ra àkàrà ìyẹ̀fun díndín oníṣúgà, ariwo sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.